Kọ̀ǹpútà Mẹ́rìnlá, Àká Kan Ṣoṣo

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ohùn mi ò ròkè mọ́. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe ní Takie. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Lójú tèmi, bí àná ló rí. Àmọ́ mo rí bí ẹ ṣe ń wo ara yín nígbà tí mo ní kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá wa, tí kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó lè fi nǹkan pamọ́ sínú ara rẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àjà kejì ilé ìtàjà kan níbí ní Takie ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa wà. Ilé náà ṣì wà, aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ti kógbá wọlé tipẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, iṣẹ́ rédíò ni mo kọ́. Ọ̀gá Adéògún, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ló rí mi níbi tí mo ti ń jó wáyà pọ̀, tó ní ẹni tó bá lè tún rédíò ṣe á lè kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo tẹ̀ lé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Títí di òní, n ò tí ì padà.

Tókunbọ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà náà. Àwọn tó tà wọ́n nílùú òyìnbó ti yọ dísíìkì inú wọn kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, nítorí àṣírí àwọn tó ti lò wọ́n tẹ́lẹ̀. Dísíìkì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù rẹ̀ sí, bí àká ṣe jẹ́ fún àgbẹ̀. Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí kò ní dísíìkì, kò mọ orúkọ ara rẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ọ̀gá wá ra ẹyọ kan tó ní dísíìkì, ó gbé e sínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn, a fi wáyà so àwọn mẹ́rìnlá mọ́ ọn. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí gbogbo wọn ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀. Màá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kápẹ́ẹ̀tì pupa ló wà nílẹ̀, Ọ̀gá ò sì fẹ́ kí eruku wọlé. Nígbà ọyẹ́, ẹ ò lè sá fún eruku. Ó ń gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi rán aṣọ fún àwọn kọ̀ǹpútà náà, tí a ń dà á bò wọ́n bí ìgbà tí a bo ìkòkò. Màá ká aṣọ, màá tan Màmá, màá sì dúró tì í títí tí yóò fi máa kùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni màá tan àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á ké pì, á gba ojú wáyà béèrè lọ́wọ́ Màmá pé, èmi ta ni? Màmá á dá a lóhùn pé, ìwọ ni Kejì, tàbí ìwọ ni Keje, iṣẹ́ rẹ nìyí. Bí ẹ bá kánjú tan gbogbo wọn pọ̀, ìbéèrè á pọ̀ jù fún Màmá, àwọn mìíràn á kàn dúró sójú kan bí ọmọ tí wọn ò tí ì bu oúnjẹ fún. Bí iná ìjọba bá sì lọ láàárín ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ló kàn, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Màmá. Ẹ̀yin ẹ kàn ń fi ìka kan ojú fóònù, ó ti là. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe, bí ẹ ó ṣe gbọ́.

Kọ̀ǹpútà ní ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́mọ́rì. Ẹ fi ṣe tábìlì tí télọ̀ ń gé aṣọ lórí rẹ̀. Tábìlì tiwa kéré. Tí ẹni tó ń tẹ̀wé bá ṣí ìwé gígùn kan, tó tún ṣí òmíràn, tábìlì á kún. Kọ̀ǹpútà tó ní dísíìkì á kó èyí tí kò lò lọ́wọ́ sínú dísíìkì, á tún lọ mú un wá tó bá nílò rẹ̀. Ibi tó ń kó o sí yẹn ni súwàpù. Àwọn tiwa ò ní ibi kankan. Tí tábìlì bá ti kún, wọ́n á kàn kú mọ́ ẹni náà lójú ni. Nígbà tí àròyé àwọn tó ń tẹ̀wé pọ̀ jù, Ọ̀gá pè mí, ó ní kí n ṣe súwàpù fún gbogbo wọn lórí dísíìkì Màmá, kí oníkálùkù máa gba ojú wáyà kó ẹrù lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò le, sùúrù ló ń fẹ́. Fáìlì mẹ́rìnlá ni mo ní láti ṣe sórí dísíìkì Màmá, kí n fi orúkọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sí tirẹ̀, kí n sì tì í kí ẹlòmíràn má lè wọ inú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì náà dé òpin, ẹ ó fi òdo kún un, òdo lórí òdo, kí Màmá lè fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un ní ti gidi. Ìgbà tí òdo bá kún ni ẹ ó tó wá sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé ibẹ̀ ni àká rẹ̀. Ọ̀kan máa ń pẹ́ gan-an, nítorí dísíìkì ìgbà yẹn ń lọ́ra.

Ọjọ́ tí mo ń ṣe é, ọ̀la ni Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo ti ṣe márùn-ún, ó ku mẹ́sàn-án. Ọkàn mi ti wà ní Ọ̀yọ́, ẹnu mi gbẹ, mo sì fẹ́ dé ilé kí wọ́n tó ṣínu. Ìwé iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àbùjá kan. Ẹ ó sọ fún Màmá pé fáìlì náà tóbi tó báyìí, ẹ ó fò lọ sí òpin rẹ̀, ẹ ó kọ òdo kan ṣoṣo síbẹ̀. Ó ti parí. Tí ẹ bá bi Màmá bó ṣe tóbi tó, á ní ó tóbi. Àmọ́ inú rẹ̀ ṣófo, kò gba àyè kankan. Ẹnikẹ́ni ló lè kó ẹrù lé ibẹ̀. Ìwé náà kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo ọ̀nà yìí fún súwàpù. Mo ka ìkìlọ̀ náà. Mo fi ọ̀nà àbùjá ṣe mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀gá bi mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé o ti parí ẹ̀?"

Mo ní, "Mo ti parí ẹ̀, sà."

"O ṣeun. Bá mi kí wọn ní Ọ̀yọ́ o."

Mo bá wọn ṣínu nílé lọ́jọ́ náà. Ó dùn gan-an.

Ó ṣẹ́ ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá dé ni Àfàá Làmídì wá bá wa. Àgbà ni, ará Ọ̀yọ́ bíi tèmi, ojú rẹ̀ ti ń lọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń fà á lọ́wọ́ wá lójoojúmọ́. Agbo ilé wọn ní Ọ̀yọ́ ti pín sí méjì, Ilé Òkè àti Ilé Ìsàlẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó àti ẹni tó kọ́ mọ́sálásí wọn. Wọn kì í kí ara wọn mọ́. Àfàá nìkan ló kù tó mọ ìtàn náà délẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sétí ilé méjèèjì lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kí òun tó kú.

Ìyá Ẹ̀bùn, tó ń tẹ̀wé fún àwọn oníbàárà wa, ló bá a tẹ̀ ẹ́, lórí Keje. Ọmọ ìjọ aládùúrà ni Ìyá Ẹ̀bùn. Ọjọ́ tó bá máa gba ibi iṣẹ́ lọ sí ilé àdúrà, aṣọ funfun ló ń wọ̀ wá, láìwọ bàtà, a sì máa ń fi í ṣeré pé òun nìkan ni kì í yọ Ọ̀gá lẹ́nu nípa kápẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wù mí jù nínú yàrá yẹn ni ìjókòó àwọn méjèèjì. Àfàá á sọ̀rọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Ẹ̀bùn á tẹ̀ ẹ́, kíbọ́ọ̀dù á máa dún kóró-kóró bí òjò lórí páànù. Bí ibì kan bá dùn mọ́ ọn, á ké pé, "Jésù mi!" Àfàá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Kà á sí mi létí, Ìyá Ẹ̀bùn, kí n mọ̀ bóyá mo purọ́."

Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la máa ń da gbogbo iṣẹ́ sórí téèpù, kí ẹ̀dà rẹ̀ lè wà níbòmíràn. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìwé náà ti gùn, tábìlì Keje sì kún. Keje gba ojú wáyà gbé ẹrù lọ sí àká rẹ̀. Kò sí àká. Ìyá Ẹ̀bùn rí i pé nǹkan ń lọ́ra, ó yára tẹ ibi tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwé. Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa: kọ̀ǹpútà ìgbà náà, tí ẹ bá ní kó tọ́jú ìwé, yóò kọ́kọ́ nu ti àtijọ́ kúrò kó tó kọ tuntun. Ó ti nu ti àtijọ́. Ẹrù tí Keje ń kó lọ sí àká sì ti gba àyè tó ṣí sílẹ̀, kò rí ibi tó máa kọ tuntun sí. Dísíìkì Màmá ti kún dẹ́múdẹ́mú.

A pa á, a tún un tan. Orúkọ ìwé náà ṣì wà níbẹ̀. A ṣí i, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Àfàá gbọ́ pé kíbọ́ọ̀dù ò dún mọ́. Ó ní, "Ṣé ó ti lọ ni?"

Ìyá Ẹ̀bùn ti ń sunkún. Èmi ni mo dáhùn. "Ó ti lọ, bàbá."

Ó wá ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Àlùhámúdù lílàáhì. Ẹ bá mi pe ọmọ mi. Ó rẹ̀ mí." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀gá wọ inú yàrá Màmá lọ wo ohun tó gba gbogbo àyè. Wáàsí ni, wáàsí rẹpẹtẹ, lábẹ́ orúkọ Sànúsí. Sànúsí ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Sábó ni wọ́n bí i sí, baba ńlá rẹ̀ ló ti òkè Ọya wá ṣòwò, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Ó ń gba ohùn àwọn àfàá sílẹ̀ kó lè ṣe é sórí àwo fún àwọn tí kò lè wá sí mọ́sálásí. Ọ̀gá ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Máa lọ sílé. Tí mo bá fẹ́ ọ, màá ránṣẹ́ sí ọ." Àwọn kan lẹ́yìn mi sì ń kùn pé àwọn ti sọ tipẹ́ nípa ará Sábó.

Mo dúró síbẹ̀. N ò lanu. Ẹ̀yin ọmọ, ká ní mo ti fi òdo kún àwọn fáìlì mẹ́sàn-án yẹn, Màmá ìbá ti sọ fún Sànúsí lọ́jọ́ tó ń kó wáàsí wọlé pé kò sí àyè. Àyè tí mo ní mo ti gbà fún súwàpù ló kó ẹrù lé. Èyí tó burú jù ni pé ó bi mí kó tó kó o. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àyè wà lórí Màmá?" Mo wò ó, mo ní, "Àyè wà dáadáa." Mo ti gbàgbé irọ́ tèmi pátápátá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo rí Sànúsí lẹ́yìn ìrun, ó ń wá bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn yọ. Ó rí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sùn. Bóyá èmi ni mo bà á jẹ́ lóòótọ́. Ẹ bá mi bẹ Àfàá tí ẹ bá dé Ọ̀yọ́. Bàbá àgbà ni, mi ò fẹ́ ègún rẹ̀."

Mo ní, "Kò ní í ṣépè."

Ó ní, "Ẹ ṣé. Ọlọ́run á bo àṣírí yín."

Àdúrà yẹn wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́sálásí títí gbogbo ènìyàn fi lọ. Òótọ́ ni pé bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Àmọ́ kí òtítọ́ tó dé, ta ni irọ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀? Ìyẹn ni mo ń rò.

Ní Sátidé, mo lọ bá Ọ̀gá nílé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé o mọ̀ lọ́jọ́ tí o ń ṣe é pé kò dáa?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó na ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá Màmá ló fẹ́. Mo fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ lọ sí Sábó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó bẹ Sànúsí níwájú àwọn òbí rẹ̀, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ náà. Ọwọ́ Sànúsí ló wà títí ilé-ẹ̀kọ́ fi kógbá wọlé. Èmi ni mo sì jókòó fi òdo kún fáìlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, lọ́kọ̀ọ̀kan, Sànúsí ló ń ṣílẹ̀kùn fún mi. Kò fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ rí.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Ìyá Ẹ̀bùn gbéra lọ sí Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ márùn-ún àti bírò. A bá Àfàá lórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó gbé orí sókè, ó ní, "O fẹ́ lọ ṣínu nílé ìyá rẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Hẹn. Ìyá Ẹ̀bùn, ṣé o mú bírò dání? Jókòó."

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwa nìkan là ń gbọ́. Ní Ọ̀yọ́, àárín agbo ilé la wà, Ilé Ìsàlẹ̀ ló dojú kọ wá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ní kí Ìyá Ẹ̀bùn kọ ọ́ pé Ráímì, baba Ilé Òkè, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ohùn arúgbó obìnrin kan jáde láti ẹnu ọ̀nà òdìkejì.

"Irọ́ ni!"

Àfàá ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi Sàlámátù ni. Àwọn méjèèjì jọ dé ni. Ráímì ń gbé ẹrù, Bùràímọ̀ baba tiwa ń fa ewúrẹ́. Ìyá mi ló sọ fún mi."

Àfàá ní, "Sàlámátù, ó ti tó ọdún mélòó tí o ti bá mi sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn?"

"Mi ò kà á. Tí o bá máa sọ ìtàn, sọ ọ́ bó ṣe rí."

Àfàá yíjú síbi tí ohùn náà ti wá. Ó ní, "Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn. Bàbá mi sọ ọ́ rí. Gbé àpótí wá, jókòó tì mí."

Ó gbé àpótí wá. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ló ń sọ ọ́. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Ẹ̀bùn ń kọ, ó ń fà á rẹ́, ó ń tún un kọ. Àwọn ọmọ Ilé Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, oúnjẹ ọ̀sán wá láti ilé méjèèjì, a ò mọ èyí tí a ó jẹ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ló padà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Àfàá ti dárúkọ àwọn obìnrin mẹ́ta tó pọn gbogbo omi tí wọ́n fi po amọ̀ mọ́sálásí náà, tí ẹnikẹ́ni ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó débẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà. Ó wá wọn, wọn ò wá. Sàlámátù náà ò mọ̀ wọ́n.

Ó ní, "Lọ́jọ́ yẹn, mo rí wọn bí ẹni tó dúró níwájú mi. Ìyá Ẹ̀bùn, ìwọ lo kọ wọ́n. Kí lorúkọ wọn?"

Ìyá Ẹ̀bùn bú sẹ́kún. "Bàbá, ìka mi tẹ̀ wọ́n, orí mi ò gbà wọ́n."

Àfàá ní kó fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo.

Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, èmi ni wọ́n ní kí n kà á. Ilé Òkè àti Ilé Ìsàlẹ̀ jókòó pọ̀ lórí ẹní, ẹran àgbò wà káàkiri. Mo kà á dé ibi ìlà mẹ́ta náà, mo fẹ́ fò ó kọjá. Àfàá gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Dúró síbẹ̀ ná." Mo dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Ó tó. Máa kà á lọ."

Àfàá kò rí Iléyá ọdún kejì. Ìwé náà wà ní agbo ilé wọn di òní olónìí, wọ́n sì ń kà á lọ́dọọdún. Mo ti béèrè orúkọ mẹ́ta yẹn lọ́wọ́ gbogbo arúgbó tí mo mọ̀ ní Ọ̀yọ́, láti ilé dé ilé, mi ò rí wọn. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, tí wọ́n bá ṣí ìwé náà hàn yín, ẹ ó rí àyè funfun kan láàárín. Ẹ má ṣe rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ru omi lórí, èmi ni mo sọ wọ́n nù.